Oníbodè Àtijọ́ àti Oníbodè Òde Òní

Ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ni ó ní odi àti bodè. Odi ni a mọ yí ìlú ká nítorí ọ̀tá. Bodè sì ni ẹnu ọ̀nà tí a fi sílẹ̀ lára odi náà kí àgbẹ̀, àlejò àti oníṣòwò lè máa gba ibẹ̀ wọlé, kí wọn sì máa gba ibẹ̀ jáde. Ní ẹnu bodè yìí ni oníbodè máa ń jókòó sí. Òun ni ó ń wo ojú ẹni tí ń wọlé, òun ni ó ń bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ohun tí ó rù, òun náà ni ó sì ń gba owó-bodè lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọba àti àwọn ìjòyè ìlú.

Kò yẹ kí á rò pé iṣẹ́ ibi ni iṣẹ́ oníbodè. Bí kò bá sí oníbodè, olè yóò máa bá oníṣòwò wọ ìlú, ọ̀tá yóò sì máa wọlé lóru. Oníṣòwò tí ó san owó-bodè tí ó mọ níwọ̀n kò ráhùn, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀nà tí òun ń rìn ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí oníbodè bá gbàgbé pé ẹsẹ̀ àwọn oníṣòwò ni ó sọ ọjà ìlú òun di ńlá. Nígbà náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó kún owó-bodè bí ó ti wù ú, tàbí kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ó ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ọjọ́ pípẹ́, kí èrè gbogbo lè jẹ́ ti ilé tirẹ̀ nìkan. Ọjà tí àwọn alájàpá bá sì ti kọ̀ sílẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó di igbó.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé oníbodè kò tí ì tán láyé. Àwọn kan wà ní ayé òde òní tí bodè wọn kì í ṣe ti ilẹ̀ rárá, síbẹ̀ tí ẹni tí ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́ pọ̀ ju gbogbo ènìyàn ilẹ̀ Yorùbá lọ. Ṣùgbọ́n kí á tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí bodè ti kọ́ àwọn baba wa.

Ẹni tí a bá bí sí ilẹ̀ Yewa, ní Ìlaròó tàbí ní Ayétòrò, ní Òkè-Ọ̀dàn tàbí ní Ìpókíá, kò nílò àlàyé púpọ̀ kí ó tó mọ ohun tí bodè jẹ́. Láti ìgbà pípẹ́ ni ilẹ̀ yìí, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò kí a tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa ní ọdún 1995, ti jẹ́ ilẹ̀ ojú ọ̀nà. Nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ ṣì gbilẹ̀, àwọn ìlú ibẹ̀ wà lára àwọn tí Aláàfin fi ń ṣọ́ ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà lọ sí etí òkun. Nígbà tí Ọ̀yọ́ fọ́, tí ogun sì gba ilẹ̀ kan, àwọn Ẹ̀gbá tí ó tẹ Abẹ́òkúta dó na ọwọ́ agbára wọn dé ibẹ̀, nítorí pé àwọn náà fẹ́ ọ̀nà òkun.

Ní ọdún 1891, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó mú Ìlaròó sí abẹ́ ààbò rẹ̀. Èyí bí àwọn Ẹ̀gbá nínú púpọ̀, nítorí wọ́n ka Ìlaròó sí ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn. Wọ́n sì ti àwọn ọ̀nà òwò tí ó lọ sí Èkó. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1892, epo pupa àti èkùrọ́ tí ó yẹ kí ó máa gba ọ̀nà wọ̀nyí lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò etí òkun kò rí ibi gbà mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1893, Gómìnà Carter àti àwọn aláṣẹ Abẹ́òkúta tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan, nínú èyí tí a ti sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ti ọ̀nà kankan mọ́ láì gba ìyọ̀ǹda Gómìnà. A kò sọ ìtàn yìí láti dá ìjà àtijọ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. A sọ ọ́ kí a lè rí ohun méjì. Èkíní ni pé ẹni tí ó ni ọ̀nà lè fi ọ̀nà jà. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá fi ọ̀nà jà lè tibẹ̀ sọ àṣẹ orí ọ̀nà náà nù sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí á tún mú àpẹẹrẹ kan tí ó súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti àwọn bodè orí ilẹ̀, ó ní òun fẹ́ dí ọ̀nà ìrẹsì fàyàwọ́ àti àwọn ohun mìíràn tí kò yẹ kí ó wọlé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, a ṣí mẹ́rin nínú àwọn bodè náà, ṣùgbọ́n Ìdí Ìrókò kò sí nínú wọn; ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí ìjọba tó kéde pé kí a ṣí i. Fún ohun tí ó ju ọdún méjì àbọ̀ lọ, ẹni tí ó ti fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ra ọjà ní ìhà kan, tí ó ń tà á ní ìhà kejì, kò rí ọ̀nà títọ́ gbà. Bóyá ìjọba jàre tàbí kò jàre, oníṣòwò kékeré kò sí níbi tí a ti pinnu ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni, ó sì bá ìdènà ní ojú ọ̀nà.

Nísinsìn yìí, ọ̀nà mìíràn wà tí a kì í fi ẹsẹ̀ rìn, tí kò sì ní eruku. Fóònù ni a fi ń rìn ín. Àwọn kan nínú wọn ni Facebook, WhatsApp, Reddit, àti Twitter tí a sọ orúkọ rẹ̀ di X ní ọdún 2023. Ojú òpó ni a ń pè wọ́n ní èdè wa, orúkọ náà sì bá wọn mu, nítorí pé ojú òpó ni ibi tí èrò ti ń pàdé. Ẹni tí ó wà ní Ayétòrò lè bá ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ń ta gààrí lè fi àwòrán ọjà rẹ̀ han ẹni tí kò rí rí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo èyí, àfi owó détà nìkan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn tí ó ni ojú òpó wọ̀nyí ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń polówó ọjà, wọ́n sì ń fi ìpolówó náà sí ojú wa bí a ti ń kàwé. Ojú wa àti àkókò wa ni ọjà tí wọ́n ń tà.

Ó yẹ kí á ṣe àlàyé ohun kan níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Bí a bá fi ojú òpó kan wé ilé, áàpù tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe ni ilẹ̀kùn iwájú. Ṣùgbọ́n ilé náà tún ní ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní API. Ẹ̀rọ ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá, kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè kọ áàpù tirẹ̀, kí áàpù náà kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yìí, kí ó kó ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí ó wà nínú ilé jáde, kí ó sì tò wọ́n sí ojú fóònù ní ọ̀nà tí ó dára ju ti onílé lọ. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ ni a óò máa pè ní áàpù ará ìta nínú àròkọ yìí. Ará ìta ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ilé ni ó ń lò.

Nígbà tí a dá Twitter sílẹ̀ ní ọdún 2006, ilé kékeré ni, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ará ìta dé, wọ́n sì bá a tún ilé ṣe. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Iconfactory ṣe áàpù kan tí ó pè ní Twitterrific. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán ẹyẹ ṣe àmì ọ̀rọ̀ Twitter, kí Twitter fúnra rẹ̀ tó di ẹni tí gbogbo ayé ń fi ẹyẹ mọ̀. Ní ọdún 2008, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Loren Brichter ṣe òmíràn tí ó ń jẹ́ Tweetie. Bí ẹ ti ń fi ìka fa ojú fóònù wálẹ̀ lónìí kí ohun titun lè jáde, nínú áàpù rẹ̀ ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀. Twitter ra Tweetie ní ọdún 2010, ó sì sọ ọ́ di áàpù ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, nígbà tí fóònù BlackBerry gbòde, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó jẹ́ pé áàpù ará ìta kan tí ń jẹ́ UberTwitter ni wọ́n fi mọ Twitter.

Ṣùgbọ́n bí ilé náà ti ń tóbi ni ojú onílé ń yí padà. Ní oṣù kejì ọdún 2011, Twitter dá UberTwitter dúró fún ìgbà díẹ̀, ó ní ó rú òfin òun. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà, ó sọ fún àwọn oníṣẹ́ áàpù pé kí wọn má ṣe áàpù tí ó dà bí ti òun mọ́. Ní ọdún 2012, ó fi òfin lélẹ̀ pé áàpù titun irú èyí kò gbọ́dọ̀ ní ju ènìyàn 100,000 lọ láì gba ìyọ̀ǹda. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Elon Musk ra ilé-iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù 44 dọ́là. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àwọn áàpù ará ìta tí ó gbajúmọ̀ jù lọ, Twitterrific pẹ̀lú wọn, dákẹ́ lójijì. Kò sí ìkìlọ̀ ṣáájú, kò sí lẹ́tà. Lẹ́yìn ọjọ́ méje ni ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún òfin rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe irú áàpù bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tí ó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe iṣẹ́ náà ń dá owó padà fún àwọn oníbàárà wọn.

Ní ọdún kan náà ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Reddit, ojú òpó kan tí àwọn ènìyàn ti ń pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó wù wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Reddit kéde pé òun yóò máa gba owó lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ òun. Christian Selig, tí ó ṣe áàpù kan tí ń jẹ́ Apollo, ṣírò rẹ̀, ó sì rí i pé owó tí wọn yóò bù fún òun yóò tó mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ́dún. Kò sí ibi tí yóò ti rí i. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ tí ó ju 7,000 lọ ti ẹgbẹ́ wọn pa láti fi ẹ̀hónú hàn. Ẹ rántí pé àwọn alábòójútó wọ̀nyí kì í gba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe fún onílé. Ṣùgbọ́n Reddit kò yẹ̀, Apollo sì kógbá sílé ní òpin oṣù náà.

Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ Reddit dùn, kò sí ẹni tí ó yẹ kí á ṣàánú jù àwọn afọ́jú lọ. Afọ́jú lè lo fóònù, bí ohun tí ó wà nínú fóònù náà bá lè ka ọ̀rọ̀ sí i létí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní áàpù Reddit gangan kò ṣeé lò fún àwọn, àti pé àwọn áàpù ará ìta ni ó ro ti àwọn. Nígbà tí igbe wọn pọ̀, Reddit sọ pé òun kò ní í gba owó lọ́wọ́ àwọn áàpù tí a ṣe fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, bí wọn kò bá ti fi ṣòwò. Ó dára tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a rí i níbẹ̀ pé nígbà tí onílé ń ṣírò owó, kò rántí afọ́jú títí afọ́jú fi pariwo.

Ẹnì kan lè béèrè pé: kí ni ó dé tí onílé fi ń lé àwọn tí ó bá a tún ilé ṣe? Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí ń gba áàpù ará ìta wọlé kì í sábà rí ìpolówó tí onílé gbé kalẹ̀, onílé kì í sì rí owó lórí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, onílé kò lè fi ọwọ́ darí ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń rí àti ohun tí kò rí. Ní ìgbà tiwa yìí, ìdí kẹta tún dé: àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ láti fi kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú irú ilé wọ̀nyí sì ti di ọjà olówó ńlá. Ní ọdún 2024, ìròyìn jáde pé Google yóò máa san nǹkan bí mílíọ̀nù 60 dọ́là lọ́dún fún Reddit nítorí rẹ̀. Àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà kò rí nǹkan gbà níbẹ̀.

Kí á má bàa ṣe ẹjọ́ apá kan, ó yẹ kí á gbọ́ ti ẹnu onílé pẹ̀lú. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ó ń gbé ojú òpó ró kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú, kò sì sí òfin tí ó ní kí ènìyàn máa bọ́ ẹni tí ń ti ara rẹ̀ jèrè láìsan nǹkan. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ará ìta ni ó jẹ́ ẹni rere. Ní ọdún 2018, gbogbo ayé gbọ́ pé ẹnì kan ti fi áàpù ará ìta kan gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ Facebook wọlé, àti pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn ènìyàn tí ó lè tó mílíọ̀nù 87 ti ibẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Cambridge Analytica, tí ó ń lò wọ́n fún ọ̀rọ̀ òṣèlú. Bodè tí kò ní ìṣọ́ ni olè ń gbà wọlé. Ní Nàìjíríà, àwọn ènìyàn púpọ̀ ń lo GBWhatsApp, tí kì í ṣe WhatsApp gangan, nítorí pé ó ní àwọn ohun tí WhatsApp kò ní. WhatsApp a máa ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ síta, ó sì ní ìdí, nítorí kò sí ẹni tí ó lè jẹ́rìí ohun tí irú áàpù bẹ́ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí wa ṣe.

Nítorí náà, kì í ṣe bóyá oníbodè yóò wà ni a ń jiyàn lé lórí, nítorí ó gbọ́dọ̀ wà. Ohun tí a ń béèrè ni irú oníbodè tí yóò jẹ́. Ọ̀kan a máa yẹ ẹrù wò, a máa lé olè, a sì máa gba owó tí ó mọ níwọ̀n. Èkejì a máa jẹ́ kí àwọn oníṣòwò la ọ̀nà fún òun ní ọ̀fẹ́, kí wọn kó èrò wá, kí ọjà kún, lẹ́yìn náà a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Irú èkejì yìí lè rí owó ní ọdún náà àti ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Reddit wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní oṣù kẹta ọdún 2024, kò sì wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kì í rí nínú ìwé ìṣírò owó, èyí ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Oníṣẹ́ tí a ti tilẹ̀kùn mọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í fi tọkàntọkàn kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ ẹni náà mọ́. Àwọn baba wa ní, àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kí ni ó kàn wá nínú èyí ní ilẹ̀ Yewa? Ó kàn wá gidigidi. Ẹ jẹ́ kí á rò ó pé obìnrin kan wà ní Ayétòrò tí ń ta gààrí àti láfún. Kò ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ó ní 300 oníbàárà nínú fóònù rẹ̀, ní Èkó, ní Ìbàdàn, àti ní òkè òkun. Gbogbo orúkọ wọn, gbogbo ìwé gbèsè, gbogbo àwòrán ọjà rẹ̀, inú ojú òpó kan ṣoṣo ni ó kó wọn sí. Bí a bá ti ojú òpó náà mọ́ ọn lónìí, bóyá nítorí áàpù tí ọmọ rẹ̀ bá a fi síbẹ̀, bóyá nítorí òfin tí a ṣe ní Amẹ́ríkà ní àná, ta ni yóò lọ bá? Oníbodè àtijọ́ a máa jókòó ní ẹnu bodè. A lè dọ̀bálẹ̀ fún un, a lè fi àgbà ránṣẹ́ sí i. Oníbodè òde òní kò ní ojú tí a lè wò. Twitter dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti Áfíríkà sílẹ̀ ní Accra ní ilẹ̀ Gánà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ó lé ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Ó tún kàn wá nítorí èdè wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kì í kọ́kọ́ ro ti èdè tí kò mú owó púpọ̀ wá fún wọn. Fún ọdún púpọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà níláti wá irinṣẹ́ tí ará ìta ṣe. Àwọn ọmọ Yorùbá kan ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fi í fún gbogbo ènìyàn ní ọ̀fẹ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 2012, àwọn ọ̀dọ́ kan ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti fi Yorùbá nìkan kọ̀wé lórí Twitter, kí ilé-iṣẹ́ náà lè mọ̀ pé èdè wa wà. Níbi tí a bá ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ pa, àwọn tí èdè wọn kò sí ní ilẹ̀kùn iwájú ni ìyà náà yóò kọ́kọ́ jẹ.

Àwọn ìjọba kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2022, àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe òfin kan lórí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ní irú ọ̀nà ńlá wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ tí òfin náà fi ń pe irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn baba wa ń lò: oníbodè ni ó pè wọ́n. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, a dárúkọ ilé-iṣẹ́ mẹ́fà, àwọn ni Alphabet tí ó ni Google, Amazon, Apple, ByteDance, Meta àti Microsoft. Láti oṣù kẹta ọdún 2024 ni òfin náà ti de WhatsApp, tí í ṣe ti Meta, pé bí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá béèrè, kí ó jẹ́ kí àwọn tí ń lo áàpù ìránṣẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà lè bá àwọn ènìyàn tirẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Yúróòpù. Twitter àti Reddit kò sí nínú àwọn tí a dárúkọ náà, òfin náà kò sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà níhìn-ín, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tí a ń pè ní FCCPC, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là fún Meta ní oṣù keje ọdún 2024 nítorí ọ̀nà tí ó gbà ń lo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti áàpù ará ìta, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé apá òfin lè ká oníbodè tí ó wà ní òkè òkun. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé. Onílé ni kò ní í gbà fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ kò lè yí ọkàn àwọn olówó Amẹ́ríkà padà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ lè ṣe kò kéré. Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà tí a jẹ́ kí ẹ máa rìn ní ọ̀fẹ́ jẹ́ tiyín. Ẹ máa béèrè ẹni tí ó ni bodè, ẹ sì máa béèrè ohun tí ó ń rí níbẹ̀. Bí ìyá yín bá ń ṣòwò lórí fóònù, ẹ bá a kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì fi àwòrán ọjà rẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn. Ẹ má ṣe fi áàpù tí ẹ kò mọ ẹni tí ó ṣe é sórí fóònù òbí yín nítorí pé ó rẹwà. Bí ẹ bá sì di oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́la, tí ẹ wá ní ilé tí èrò ń wọ́ wá, ẹ rántí àwọn tí ó bá yín la ọ̀nà.

Àwọn ará ilẹ̀ Yewa ti rí bodè tí a tì ní ọdún 1892, wọ́n sì ti rí èyí tí a tì ní ọdún 2019. Àwọn tí ó la ọdún wọ̀nyí já láìparun ni àwọn tí ó ní oko lẹ́yìn òwò, tí wọ́n sì mọ ọjà mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí a ti bodè rẹ̀. Òwe kékeré kan ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn, ó sì yẹ kí àwa náà mú un dání bí a ti ń wọ ayé titun yìí: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.